Àlejò Pàtàkì ní Pólándì

Ìlú kékeré kan ní Pólándì la wà, èmi, Sàrátù ìyàwó mi àti Hàmdálátù ọmọ wa. Àwa nìkan la dúdú níbẹ̀, gbogbo ojú ló ń wò wá.

Ebi ń pa wá, a yà sí ilé oúnjẹ kan.

"Nàìjíríà?" ọkùnrin kan bi wá.

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Ni gbogbo èrò ibẹ̀ bá gbá wa mọ́ra, wọ́n gbé ẹja wá.

"Wọ́n mọ àlejò ṣe ju ará Ṣàgámù wa lọ," Sàrátù ń sọ.

Ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀, ó sì gbé máìkì fún mi. Hàmdálátù fi fóònù túmọ̀ rẹ̀.

"Dádì, bàbá wọn ni wọ́n sin láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá a ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Kẹ́ ẹ sọ irú èèyàn tó jẹ́."

Mo gbé ẹja mì.

"Èèyàn dáadáa ni."

Sàrátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.