Àmì Ife Lẹ́yìn Stamatis

“Mo ní ẹ̀yìn ò dùn mí mọ́,” ni Stamatis wí, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti tiná bọ òwú tí yóò fi mú ife gbóná kó tó dé e mọ́ ọn lẹ́yìn láti fa ìrora náà jáde. Bó ti ká ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ sókè, ó tẹjú mọ́ ohun tó rí. Àmì ife roboto tó ṣì pọ́n ti kún ẹ̀yìn náà.

“Obìnrin wo ló ṣe èyí fún ẹ?”

Stamatis fẹ́ fa ẹ̀wù rẹ̀ padà sílẹ̀.

“Mo ní ta ni?”

“Màmá ẹ ni.”

Ìyá tí kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí ọmọ náà ti lọ fẹ́ Stamatis tó jẹ́ apẹja.

“Kí lo wá lọ ṣe níbẹ̀?”

“Àwọn ló ránṣẹ́ pè mí. Wọn ò jẹ́ kí n dìde títí mo fi ròyìn ẹ tán.”

Ìyàwó fẹ́ iná náà pa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá bàtà rẹ̀ kiri.