Ìgbésẹ̀ Tí Evaristo Gbé Kọjá Àsíá Pupa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fọ́tò yíyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán.

Ogójì ọdún ni Evaristo Quiroga fi ṣe búrẹ́dì ní ìlú Rosario. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti Nélida ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun ní èbúté Ushuaia, wọ́n forí lé ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé láti lọ wo àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní pẹngúìnì. Inú àwọn méjèèjì ń dùn ṣìnkìn. Àmọ́ Evaristo ti fọ́nnu fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé irú fọ́tò tóun máa yà bọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì yà á rí.

Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun, Jimena, ọmọbìnrin tó ń mú wọn kiri, kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má kọjá àwọn àsíá pupa tóun rì mọ́ yìnyín, torí pé àwọn ẹyẹ náà ń sàba. Gbogbo wọn gbà.

Àwọn pẹngúìnì ń fì sọ́tùn-ún fì sósì bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, wọ́n ń jí òkúta inú ìtẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń jà lé e lórí. Nélida rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀kan tó dá sàba lẹ́yìn àsíá ni Evaristo ń wò ní tiẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbẹ́sẹ̀ kọjá.

"Bàbá Lucía, ẹ padà," ni Nélida rọra sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Ó sún mọ́ pẹngúìnì náà jù. Ẹyẹ náà ta gìrì, ó dìde lórí ẹyin. Bí Evaristo ṣe ń tẹ kámẹ́rà, ẹyẹ ńlá aláwọ̀ eérú kan já wálẹ̀, ó gbé ẹyin náà, ó fò lọ. Pẹngúìnì náà yí po ìtẹ́ rẹ̀, ó tún jókòó lé òkúta lásán.

Jimena ò pariwo. "Bàbá, bóyá ló tún máa yé òmíràn lọ́dún yìí. Ẹ ò ní bá wa sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

Evaristo pa fọ́tò náà rẹ́ kí wọ́n tó padà dénú ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń wo àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń lọ sí etíkun. Ó ní kí Nélida máa bá wọn lọ, ó sì ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ kọ̀, ó dúró tì í. Ibi tí wọ́n ti jọ ń mu máté, ohun mímu ewé tó dà bíi tíì, ni ẹja àbùùbùtán kan ti yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó mí, omi sì ta sí wọn lójú. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ká ní kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi ni," Evaristo sọ, "mi ò ní lè rí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, níbi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró sí, ẹ dúró síbẹ̀. Àlejò ni yín, àwọn ẹyẹ yẹn ló nilé. Ohun tẹ́ ẹ bá bà jẹ́ nítorí fọ́tò kan, ẹ̀bẹ̀ yín ò lè dá a padà sínú ìtẹ́.