Ohùn Ọkọ Wa Létí Odò

Aláró kan ń ti aṣọ bọ inú ìkòkò aró. Mùsílímátù, ìyálé rẹ̀, gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló ń ṣe ọ́? O ò jẹun mọ́, o ò sùn mọ́."

Láti ìgbà tí ìròyìn ti dé Akanran, ìlú wọn, pé Sàníù, ọkọ wọn, kú sójú ogun Ìjàyè, aláró kò sọ tinú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lónìí, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ìyálé mi, ẹ má pè mí ní wèrè. Bí mo bá lọ pọnmi, mo máa ń gbọ́ ohùn ọkọ wa nínú igbó. Oríkì mi ló ń pè, ó ní kí n máa bọ̀."

Ó bú sẹ́kún, àyà rẹ̀ sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ìyálé rẹ̀ ti yí padà.

"Èmi náà ń gbọ́ ọ," ni Mùsílímátù wí jẹ́ẹ́. "Mo rò pé orí mi ló ń dàrú ni. Bó bá jẹ́ pé àwa méjèèjì là ń gbọ́ ọ, a jẹ́ pé ẹnìkan wà níbẹ̀."

Wọ́n ké sí àwọn ọkùnrin agbo ilé. Àwọn yẹn mú àdá, wọ́n yí igbó etí odò ká, àwọn ìyàwó méjèèjì sì tẹ̀lé wọn.

Sàníù ló lúgọ sínú koríko. Kò kú, ẹnikẹ́ni kò sì dè é. Okùn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò lè wo ojú aláró.

"Àwọn tó mú mi lójú ogun wà ní òdìkejì odò," ó ní. "Wọ́n ní kí n fi èèyàn méjì ra ara mi padà."