Ọjọ́ Tí Adìẹ Tẹ Ẹsẹ̀ Mọ́lẹ̀

Wọ́n sin Múrítàlá ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún 1996, gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló sì bá wọn dé ìtẹ́ òkú àyàfi Jímọ́ọ̀. Jímọ́ọ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Èjìgbò, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó wọ́ síwájú, ó ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbé òkú kọjá.

“Àdìsá, dìde kí o lọ kírun sí ọ̀rẹ́ rẹ lára,” ìyá rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà.

“Èmi ò ní ọ̀rẹ́ kankan tó ń jẹ́ Múrítàlá, Ìyá.”

Wúràọlá ìyá rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Àlíù, padà sídìí tẹ̀súbáà rẹ̀.

Nígbà kan rí, ta ni kò mọ Jímọ́ọ̀? Àbíjàn, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò ti ń ṣòwò, ló ti di gbajúgbajà. Iwájú ló ń gbá. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, kí aṣọ́lé yáa máa ṣàdúrà. Nàìjíríà pè é, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ nílé àti lẹ́yìn odi. Lọ́dún 1988, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé ní kó máa bọ̀. Jímọ́ọ̀ ní kí òun kọ́kọ́ wá ṣe Iléyá nílé ná.

Inú gbogbo ẹbí dùn. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ kò túká. Àlíù, àkọ́bí rẹ̀, ló kọ́kọ́ lọ sí Àbíjàn. Ibẹ̀ ló kú sí, wọ́n sì ti sin ín kí ìròyìn tó délé.

“Ṣé Faransé jìnnà ju Àbíjàn lọ ni?” ó béèrè.

“Ó jìnnà díẹ̀, Ìyá. Ọkọ̀ òfuurufú ni n ó wọ̀.”

Ní ọjọ́ kejì Iléyá, àwọn ọ̀dọ́ kó ara wọn jọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù ọdún. Múrítàlá, mẹkáníìkì tí òun àti Jímọ́ọ̀ jọ ń sùn lórí ẹní kan náà láti kékeré, wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Àwọn méjèèjì sáré sí bọ́ọ̀lù kan náà. Múrítàlá na ẹsẹ̀, egungun ojúgun Jímọ́ọ̀ sì dún bí igi gbígbẹ.

Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni wọ́n ti lọ gbé Ọ̀ṣuntókun, àgbàlagbà tó ń to egungun, wá lórí alùpùpù. Bí wọ́n ti ń ṣe é látayébáyé ló ṣe é. Ó to egungun, ó fi oparun tẹ́ẹ́rẹ́ dì í, ó wá ní kí wọ́n mú adìẹ kan wá. Ìyá Àlíù mú ọ̀kan nínú àwọn adìẹ funfun rẹ̀. Bàbá dá adìẹ náà lẹ́sẹ̀, ó sì fi oògùn kan náà àti oparun kéékèèké di tirẹ̀.

“Ọjọ́ tí adìẹ yìí bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ tú ti ọmọ yìí,” ó ní. “Ẹ má ṣáájú adìẹ o. Adìẹ kì í parọ́.”

“Bí èèyàn bá ṣáájú rẹ̀ ńkọ́, Bàbá?” Ìyá Àlíù béèrè.

“Yóò rìn. Ṣùgbọ́n ti bọ́ọ̀lù parí nìyẹn.”

Ìyá Àlíù kò fi ìtọ́jú náà fún ẹlòmíì. Òun ló ń bọ́ ọmọ, òun ló ń bọ́ adìẹ, inú yàrá rẹ̀ ni adìẹ sì ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kúrò nílé, nígbà tó gbé agbọ̀n tó fi ìborùn bò lọ kí Sàfúrátù àbúrò rẹ̀ ní ìlú Ara. Oòrùn kò tíì wọ̀ tó fi dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

“Àdìsá mi, yíjú wò!”

Adìẹ funfun jáde, kò tiro, ó ń tan ilẹ̀ kiri. Jímọ́ọ̀ sunkún ayọ̀. Wọ́n tú oparun. Kò pẹ́ tó fi gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, egungun náà sì yẹ̀. Nígbà tó tún so, wíwọ́ ló wọ́. Ẹgbẹ́ ilẹ̀ Faransé mú ẹlòmíì.

Ọ̀ṣuntókun fọwọ́ ba ẹsẹ̀ náà, ó mi orí. “Ṣé adìẹ yẹn rìn lóòótọ́?”

“Ó rìn, Bàbá. Ojú mi ló ṣe,” Jímọ́ọ̀ dáhùn.

“A jẹ́ pé ohun tí wọ́n ṣe sí ọ jinlẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni Jímọ́ọ̀ gbé sọ́kàn. Adìẹ kò parọ́. A jẹ́ pé Múrítàlá ti fi nǹkan sí ẹsẹ̀ tó fi gbá òun. “Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà,” ni ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ká ní ọ̀tá ló ṣe é ni, kì bá tí dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Bí Múrítàlá bá fi ẹran Iléyá ránṣẹ́, á dá a padà. Múrítàlá wá dọ̀bálẹ̀, ó fẹ́ fi Kùránì búra, Jímọ́ọ̀ wọlé ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń bá a bẹ̀bẹ̀. “Kì í ṣe òun, Àdìsá.”

“Ta ni nígbà náà, Ìyá?”

Ìyá Àlíù á na ọwọ́ sí tẹ̀súbáà rẹ̀. Àánú ló pọ̀ lójú ìyá òun, bí Jímọ́ọ̀ ṣe rò ó nìyẹn. Eyín kò tilẹ̀ jẹ́ kó jẹ adìẹ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jẹ ẹran màlúù. Nígbà tí àìsàn dá Múrítàlá dùbúlẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun pe Jímọ́ọ̀, kí òun ṣáà rí i. Jímọ́ọ̀ kò lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsìnkú náà, Sàfúrátù yà kí wọn. Ọdún tí Jímọ́ọ̀ dá lẹ́sẹ̀ gan-an ló lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Àbíjàn, kò sì tíì pẹ́ tó dé. Ìyá Àlíù bu omi fún un. Jímọ́ọ̀ dìde láti gbé àga fún un, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” Sàfúrátù ní, ó gba omi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, “ẹsẹ̀ rẹ yìí rán mi létí adìẹ funfun tí ìyá rẹ gbé wá fún mi ní Ara lọ́dún yẹn pé kí n bá òun sìn, oparun ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an kí ó tó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”