Télọ̀ Tó Fi Ìwé Ìlànà Gé Bátànì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá ní ó ti yé yín. Ẹ kà á tán. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ka nǹkan tán, ohun tó sì kó o sí wàhálà nìyẹn.

1.

Bàbá Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ yìí, torí pé téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà tó bá ń jẹun. Àjà kẹta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Iṣẹ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé, ẹnu rẹ̀ náà ò sì gbẹ́yìn.

Dókítà sọ fún ìyàwó rẹ̀, Màmá Pẹ̀lẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó fún un ní oògùn, ẹyọ kan láràárọ̀. Ó tún ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ apá láti fi wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru. Wọ́n rà á. Ìwé ìlànà wà nínú páálí rẹ̀, ó fẹ̀, ó sì nípọn dáadáa. Kí Màmá Pẹ̀lẹ́ tó nawọ́ sí i, ọkọ rẹ̀ ti fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó ti fi ṣe bátànì àpò ṣòkòtò.

"Ẹ ò jẹ́ ká kọ́kọ́ kà á!"

"Ká ka kí ni? Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wọn èèyàn! Àyà, ìbàdí, apá, èwo ni mi ò wọ̀n rí?"

2.

Bó ṣe di dókítà àpàpàǹdodo nìyẹn. Ẹni tó bá wá gba aṣọ, ó di dandan kó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Aṣebúrẹ́dì kan tó sanra gun àtẹ̀gùn dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò tíì jókòó dáadáa tí Bàbá Téèpù fi so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, lórí aṣọ tó wọ̀, tó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

"Ọgọ́sàn-án! Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru gan-an!"

Ẹ̀rù ba aṣebúrẹ́dì débi pé ó sá lọ láìmú ṣòkòtò tó wá gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ le mọ́ ládùúgbò, àfi Bàbá Téèpù fúnra rẹ̀, torí pé kò wọn ara rẹ̀.

3.

Èyí tó kàn kò pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Màmá Pẹ̀lẹ́ gbé ìdì aṣọ gun àtẹ̀gùn wọlé, ó wọ súwẹ́tà.

"Bàbá wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ̀, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

"Kò ní pẹ́. Mú apá wá." Ó so ó mọ́ orí súwẹ́tà. "Ọgọ́jọ ó lé méje! Oògùn yẹn ò ká a. Máa lo méjì."

"Ẹyọ kan ni dókítà sọ."

"Ṣé dókítà ló ń bá ẹ gbélé ni?"

Obìnrin tó ń jẹ́ Pẹ̀lẹ́ kì í jiyàn. Ó lo méjì fún ọjọ́ mẹ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, bó ṣe dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú gbì. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tó fi jẹ́ pé orí òkìtì aṣọ ló ṣubú sí. Bàbá Téèpù pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó ń sunkún sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta, ó sì gbé e lọ sí ọsibítù.

4.

Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n: àádọ́rùn-ún péré. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkọ ní ó ń ru ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì là. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fọwọ́ lérí.

"Bàbá, a kì í wọ̀n ọ́n lórí aṣọ o. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró sójú kan. Tèèyàn bá gun àtẹ̀gùn, tó ń sọ̀rọ̀, tàbí tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ó lè lọ sókè. Kó kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Kí apá tí kò ní aṣọ wà lórí tábìlì, ní ọ̀gangan àyà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ wá fún wa. Àìmọye èèyàn ni àwọn oníṣègùn ti wọ̀n kí wọ́n tó mọ èyí. Ṣé ìwé ìlànà ò sí nínú páálí ni?"

Bàbá Téèpù wolẹ̀.

"Ó ti di àpò ṣòkòtò," Màmá Pẹ̀lẹ́ dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Bàbá Téèpù náà sì bá a rín díẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, má bínú."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n aṣọ tẹ́ ẹ bá bà jẹ́, ẹ lè tú u, kẹ́ ẹ tún un rán. Tẹ́ ẹ bá ba èmi jẹ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Bàbá Téèpù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ̀rọ náà dára, ẹ máa lò ó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má fi kún oògùn, kó má sì dín in kù, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ fún un. Ẹ wá fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó sọ ara rẹ̀ di dókítà nínú ẹbí yín. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.