Wákàtí Mélòó Ni Lọ́ńdọ́nù?

Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ló mọ̀ pé Lọ́ńdọ́nù ni Bàbá Fáníyì ti kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló lò lọ́hùn-ún kí Nàìjíríà tó gbòmìnira, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé. Ṣẹ́ẹ̀tì tó bá rán, òwú pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń yí ihò bọ́tìnnì tó kẹ́yìn.

"Bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é nìyẹn," ni yóò wí.

Lọ́dún 1984, Ọmọ́tóyọ̀sí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò sì tíì lọ́kọ. Kì í ṣe pé ọkọ ò wá. Ìbéèrè kan ni baba rẹ̀ fi ń lé wọn: "Láti ibí dé Lọ́ńdọ́nù, wákàtí mélòó ni?"

Tíṣà kan kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní láti Èkó, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì, bàálù a sì fi bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ fò ó.

"Inú ìwé lo ti rí i," ni Bàbá Fáníyì wí. "Máa lọ."

Ẹnì kejì ti gbé Lọ́ńdọ́nù rí, ó tilẹ̀ mú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dání. Òun náà ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Bàbá ní bàálù tirẹ̀ kọ́ lòun wọ̀.

Nígbà tó kan Olúdáre, akọ̀wé ìjọba l'Ákùúrẹ́, ẹkún ni Ọmọ́tóyọ̀sí fi sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ọkùnrin yìí ló wù ú tọkàntọkàn.

"Jẹ́ kí n bi ìyá mi," ni Olúdáre wí.

"Ìyá rẹ wọ bàálù rí ni?"

"Wọn ò kọjá Adó rí."

Ọmọ́tóyọ̀sí pòṣé.

Lọ́sẹ̀ kejì, Olúdáre dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn ẹbí. Bàbá Fáníyì wò ó láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró síbi òwú pupa tó yí ihò bọ́tìnnì tó kẹ́yìn lára ṣẹ́ẹ̀tì Olúdáre ká.

"Ta ló rán èyí fún ọ?"

"Ìyá mi ni, sà. Òde-Èkìtì ni wọ́n wà. Aṣọ ni wọ́n ń rán."

Bàbá wúkọ́. Gbogbo ẹbí ń retí, kò sì ríbi yẹ ìbéèrè rẹ̀ sí.

"Láti ibí dé Lọ́ńdọ́nù, wákàtí mélòó ni?"

"Wákàtí méjì, sà."

Àwọn ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn, àbúrò Bàbá, káwọ́ lérí. Ọmọ́tóyọ̀sí di ojú rẹ̀ pinpin.

Bàbá Fáníyì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ìyá mi náà ni, sà. Wọ́n ní kí n kí yín dáadáa. Wọ́n tún ní kí n bi yín pé..."

"Ó tó!" Bàbá ti dìde. "Ọmọ náà gbà á. Òun lọkọ. Ẹ gbé obì wá, kí gbogbo ulé yìí gbọ́!"

Láyé ìgbà tí Bàbá Fáníyì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wákàtí méjì ni lọ́rì fi ń ti Ìkẹ́rẹ́ dé Òde-Èkìtì, níbi tó ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá Olúdáre, nígbà tí gbogbo ìjọ ń gbààwẹ̀ pé kí Ọlọ́run mú un ti òkè òkun bọ̀ láyọ̀.