Ewé Lẹ́yìn Tírélà

Ẹ̀rọ tí Lásísì àti Mùfútáù so mọ́ iwájú ìjókòó awakọ̀ nínú tírélà wọn ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ kan mọ ibi tí èkejì wà, òun náà ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ́nà Kìṣí, ti Lásísì pariwo: "Ọkọ̀ kan dúró níwájú. Ẹ rọra!"

Lásísì tẹ bíréèkì. Kò rí ọkọ̀ kankan. Bó ti ń pòṣé, ẹ́ńjìnnì kú. Ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò jí. Ó wá gbọ́ tí ẹ̀ka igi ṣẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Òmíràn tún ṣẹ́.

Ó sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ náà sí Mùfútáù, tó ń wa tírélà tiẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. "Mùfú, rọra o! Ọkọ̀ mi ti kú sójú títì."

"Mo ti rí yín, ẹ̀gbọ́n. Ewé tí ẹ já sílẹ̀ láti fi kìlọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ ṣeun."

Lásísì ò tíì sọ̀kalẹ̀ rárá.

"Àmọ́ àwọn wo ló ń bá yín já a? Wọ́n mà pọ̀ o!"

Lásísì wo dígí ẹ̀gbẹ́. Òkùnkùn nìkan ló rí. Ó sáré tilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí wọn mọ́. Ibo ni wọ́n gbà?"

Ewé tútù kan já bọ́ sórí itan Lásísì. Fèrèsé méjèèjì wà ní pípadé.